Ọkùnrin Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Wa Lórí Òkè Vaissière

Férémù ṣì wà lára ògiri, òkè ti lọ.

Bí mo ṣe bá a nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Baptiste onílé èrò ránṣẹ́ pè mí. Férémù aláwọ̀ wúrà náà ṣì rọ̀ síbi tó ti wà láti ọdún márùn-ún, àmọ́ ògiri lásán ló kù láàárín rẹ̀, ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, pẹ̀lú aláǹtakùn kan tó ń wò wá bí ẹni pé àwa la já wọlé rẹ̀. Àwòrán Òkè Vaissière, tòun ti pápá, màlúù àti sánmà rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Màmá Toinon, wọ́n ti jí òkè mi," Baptiste wí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i bí mo ṣe ń bọ̀," mo dá a lóhùn. "Ó ṣì wà níbi tí Ọlọ́run gbé e sí."

Kò rẹ́rìn-ín. Baptiste kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu ife wáìnì kejì.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni wọ́n ń fi arúgbó agbẹ̀bí ṣe níbi tí olè ti jà, èmi tí orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Kò ju èyí lọ: ìdajì àwọn ará abúlé yìí ni ọwọ́ mi gbà wá sáyé. Mo ti rí wọn níhòòhò kí wọ́n tó kọ́ irọ́ pípa, ojú wọn kò lè tàn mí mọ́. Láti orí àgùntàn tó sọnù dé orí ọkọ tó sọnù, èmi ni wọ́n ń pè. Àgùntàn ni mo sábà máa ń rí.

Lescure, ọ̀gá ọlọ́pàá, ti dé ṣáájú mi. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé, irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ jáde, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gba òdì wọ inú gbogbo ọ̀ràn.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Màmá," ó ní. "Mo ti mú olè náà."

Ó fi gègé rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Noëlie, ọmọbìnrin tó ń bá Baptiste ṣiṣẹ́, ló jókòó síbẹ̀, ẹrù kékeré kan níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bíi ti ọmọ tó ń dúró kí wọ́n pín búrẹ́dì kàn án.

"Kí ló mú un dá ọ lójú?"

"Ẹ gbọ́." Ó ka ohun tó kọ sétí mi. Ayàwòrán tó ya òkè náà kú ní Paris nígbà òtútù tó kọjá. Wọn kò kà á sí nígbà ayé rẹ̀. Nísinsìnyí tí kò lè yà mọ́, wọ́n ń wá àwòrán rẹ̀ bí ẹni ń wá oògùn. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Paris lọ́jọ́bọ̀ láti wá ra ti Baptiste. Lánàá, ọjọ́ Ajé, ni àwa obìnrin fọ aṣọ ńlá, èyí tí a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Gbogbo obìnrin wà létí odò, gbogbo ọkùnrin wà nídìí koríko gígé, ilé èrò sì ṣófo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà wálé láàárín: Noëlie, tó wá kó eérú ìfọṣọ.

"Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá," Lescure fi kún un.

Òótọ́ ni. Inú apẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìyá ilé ìjọ ní Saint-Flour ti bá a lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ ọdún náà sọ ọ́ ní Noëlie. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ Baptiste.

"Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin Saint-Flour á gbéra tí agogo ọ̀sán bá ti dún," Lescure wí. "Màá fi gbé e lọ. Ó di ẹ̀wọ̀n."

Agogo mẹ́jọ ń lù lọ́wọ́.

Mo lọ jókòó ti ọmọ náà. "Ṣé ìwọ lo gbé e?"

"Rárá, Màmá."

"Wò mí lójú."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ kò sá fún mi.

"Tí wọ́n bá mú ọ lọ ńkọ́?"

"Àwọn ìyá ilé ìjọ ò ní gbà mí mọ́. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti dé ẹ̀wọ̀n." Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti ẹrù rẹ̀ sún. "Ibí nìkan ni wọ́n ti máa ń fi oúnjẹ pamọ́ dè mí, Màmá. Tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, Ọ̀gá á da àwo dé ọbẹ̀ mi kó má bàa tutù."

Baptiste yíjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

---

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé. Yàtọ̀ sí àwọn bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé, àga méjìlá ni Baptiste ní. Mọ́kànlá wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ wọn nàró sókè. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ó kọjú sí ògiri níwájú férémù.

"Noëlie, ta ló gbé àwọn àga yìí sókè?"

"Èmi ni, láàárọ̀ àná, kí n tó gbálẹ̀. Gbogbo wọn ni mo gbé, Màmá. Nígbà tí a dé lálẹ́, ó ti rẹ̀ wá, a lọ sùn tààrà nínú òkùnkùn."

Mo jókòó sórí ẹyọ kan tó wà nílẹ̀ náà. Orúnkún mi kan ògiri.

"Lescure ọmọ mi, irú olè wo ló ń kọ́kọ́ jókòó?"

"Olè tó rẹ̀."

Mo dìde. Mo ti rí ohun mìíràn lójú fèrèsé: ìṣó tíntìntín mẹ́jọ, tí wọ́n tò ní ìlà kan, ìkọ̀ọ̀kan sì ti di títọ́ bíi tuntun. Ẹni yìí yọ ìṣó lára férémù, ó fara balẹ̀ na èyí tó tẹ̀, ó tò wọ́n kalẹ̀ kí Baptiste lè rí wọn lò. Ká ní ọkọ mi tó di olóògbé mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ hù, màá ṣì ní òòlù nílé.

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ìṣó wẹ́wẹ́ ni," mo ní. "Casimir ńkọ́?"

Kí ẹ má bàa rò pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: èmi fúnra mi ni mo dárúkọ Casimir. Ẹni tó ń tún agboòrùn ṣe ni, ará Aurillac, ó máa ń gba abúlé wa kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abà Baptiste ló sùn sí lọ́jọ́ Àìkú. Àpò awọ gígùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, ó rí roboto bí ìbọn ńlá, èèyàn sì lè ká àwòrán kó sínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Lescure tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ náà kíákíá, ó ní òun náà ti ń rò ó tẹ́lẹ̀.

A bá Casimir lábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Kí ló wà nínú àpò ẹ?" Lescure bi í.

"Agboòrùn, Ọ̀gá."

"Tú u."

"Òjò á pa wọ́n."

"Òjò ò rọ̀. Tú u."

Ó wò mí, kò wo Lescure. Mo rí i pé ẹ̀bi wà lójú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo fọwọ́ gba ìdí àpò náà, mo yí i dà. Irin agboòrùn méje já bọ́, aṣọ dúdú ya tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni odindi sọ́séèjì gbígbẹ kan ṣubú sórí bàtà Lescure.

Mo wo okùn tó wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo ta kókó náà. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ṣépè fún ológbò aládùúgbò mi nítorí sọ́séèjì yìí.

"Ó já sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, Màmá," Casimir wí.

"Láti orí àjà mi?"

"Ọ̀nà jìn lóòótọ́."

Nípa ti ọjọ́ Ajé, àlùfáà jáde, ó jẹ́rìí sí i. Látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni Casimir fi jókòó nílé rẹ̀, tó ń tún agboòrùn ńlá tí wọ́n fi ń jáde lọ́jọ́ ọdún ṣe, tí àlùfáà sì ń ròyìn ìfun rẹ̀ tó ń rọ́ fún un. "Ẹ̀wọ̀n wo ló tún kù tí ẹ fẹ́ fún mi, Ọ̀gá?" Casimir béèrè, mo sì dárí jì í níbẹ̀, mo gé sọ́séèjì náà sí mẹ́rin, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ ẹ́.

Ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni mo rántí ohun tí òmùgọ̀ pàápàá yẹ kó ti rántí. Ìṣó mẹ́jọ wọ̀nyẹn kì í ṣe èyí tó di aṣọ àwòrán mú. Èyí tó di igi ẹ̀yìn àwòrán mọ́ férémù ni. Ẹni tó gbé òkè lọ kò ká a. Ó gbé e tòun tigi, ní pẹlẹbẹ, ó sì fẹ̀ tó fèrèsé kékeré. Kò sí àpò Casimir tó lè gbà á.

Agogo mẹ́wàá lù. Lescure nu ẹnu rẹ̀. "Ó tún ku Noëlie, Màmá."

---

Mo padà sórí àga yẹn. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n ronú. Baptiste gbé wáìnì fún mi, ìyẹn náà sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.

Ayàwòrán yẹn, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó máa ń pariwo mọ́ wa tí a bá sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ sún sẹ́yìn," ni yóò máa wí, "òkè ni, kì í ṣe ìwé àdúrà." Òótọ́ ló sọ: tí o bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà rẹ́kẹrẹ̀kẹ ni wàá rí. Àfi tí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ni òkè náà á tó dìde, tí koríko á máa gbọ̀n, tí wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn màlúù. Kí wá ni ẹni yìí ń wá tó fi jókòó débi tí orúnkún rẹ̀ fi kan ògiri?

Nǹkan kékeré ni. Ẹni tó bá ń wo nǹkan kékeré ló ń sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Mo di ojú mi, mo fi ọkàn yà á. Òkè. Sánmà. Ahéré olókùúta tí àwọn darandaran ń sùn. Màlúù bí iná orí. Ọgbà tí wọ́n fi ń kó màlúù jọ. Àti ọkùnrin kan, kò tóbi ju èso ẹ̀wà lọ, tó wọ ẹ̀wù búlúù, tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó gbé abala ọgbà kan lé èjìká òsì.

"Baptiste, ta ni ọkùnrin inú àwòrán yẹn?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan. Ó kàn fi í síbẹ̀ kí òkè má bàa dá wà ni."

"Ìgbà wo ló yà á?"

"Oṣù Kẹsàn-án ọdún ogun. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò rántí? Ibà dá a dùbúlẹ̀ nínú yàrá òkè ilé yìí, orí ibùsùn ló ti parí rẹ̀. Gbogbo èèyàn ni mo ń sọ fún."

Mo rántí. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin kankan lórí òkè mọ́, ogun ti kó wọn lọ tán. Nítorí náà, Baptiste tọ̀nà, kì í ṣe ẹnì kankan. Mo ti ń dìde. Àmọ́ nǹkan kan ń yún mi. Ọgbà yẹn: ibo ló wà gan-an nínú àwòrán? Ọdún márùn-ún ni mo fi ń mu ọbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá bi mí ní iye eṣinṣin tó bà lé e, mo lè sọ ọ́, àmọ́ mi ò lè sọ ibi tí ọgbà wà.

Ìgbà náà ni mo rántí jáàmù mi.

Lọ́dún ogun yẹn, èmi ni mo ń se ewé fún ibà ayàwòrán náà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fún mi ní bébà kan tó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù ya òkè náà sí, kó tó fi ọ̀dà yà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e délé, mo fi bo ìkòkò jáàmù. Bébà tó nípọn, tó dára. Láti ọdún náà ni mo ti ń fi bo jáàmù, lọ́dọọdún, mo sì jẹ́wọ́ pé mo máa ń lá etí rẹ̀.

Mo sáré lọ gbé e. Àbí kí n sọ pé mo lọ gbé e. Sísáré ti di ìtàn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Lescure àti Baptiste. Ó lẹ̀ mọ́ra, àmọ́ pẹ́ńsùlù náà ṣì hàn ketekete: ahéré, àpáta tó là sí méjì, àti láàárín wọn, ọgbà.

"Kí ni mo ń wò?" Lescure béèrè. Ọmọ ìlú ńlá ni bàbá rẹ̀, ó ń rán bàtà. Baptiste náà, ilé èrò ni wọ́n bí i sí. Àwọn méjèèjì kò sùn lórí òkè rí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ tó ń jẹ wàràkàṣì láìmọ ibi tó ti ń wá. Inú ọgbà yìí ni màlúù ń sùn. Igi híhun ni, abala abala. Ní gbogbo àárọ̀, tí wọ́n bá ti fún wàrà tán, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e sún síwájú, ìwọ̀n ọgbà kan péré, kí màlúù lè lọ yàgbẹ́ síbòmíì. Wọn kì í fo ọjọ́ kan. Bí a ṣe ń bu ìgbẹ́ sí gbogbo ara òkè nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń da bọ́tà sórí búrẹ́dì."

"Màmá, mo ń jẹun lọ́wọ́," Baptiste wí.

"Kò sí ohun tí ò ń jẹ tí kò ti ibẹ̀ wá. Ọjọ́ Urbain mímọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ni màlúù ń gòkè. Ẹnu ọ̀nà ahéré ni ọgbà máa ń wà lọ́jọ́ náà. Ó ń gba ogún ọjọ́ kó tó dé àpáta yìí. Wọ́n á yí padà, wọ́n á fi ogún ọjọ́ mìíì bọ̀ sẹ́bàá ahéré. Wọ́n á tún yí padà. Níbí, ẹ wo ìlà méjì tó fi pẹ́ńsùlù kùn dúdú, ibi tí ìgbẹ́ ti mú koríko rú: ó ti lọ, ó ti bọ̀, ó sì ti wà ní àyè kẹta ní ìlà kẹta. Ọjọ́ mélòó nìyẹn?"

Lescure ka ìka rẹ̀. "Mẹ́tàlélógójì."

"Yọ méje fún oṣù Karùn-ún, yọ ọgbọ̀n fún oṣù Kẹfà."

"Ó ku mẹ́fà." Ó gbójú sókè. "Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni ayàwòrán náà fọwọ́ sí i, àmọ́ oṣù Keje ló rí i. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì wà lórí òkè. Ta ló ń gbé ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà? Mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá Gineste, ẹni tó ń ṣe wàràkàṣì, kì í fọwọ́ kan ọgbà. Marcelin ti kán lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Jòhánù mímọ́, ní ìparí oṣù Kẹfà, èmi ni mo dì í. Ó ku ẹnì kan."

Baptiste rọra gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. "Jean Rongier," ó ní. "Ọmọ Ursule, èyí tí kò padà láti ogun."

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ níbí: bí ó ṣe dárúkọ Ursule báyìí ni mo rí ohun tó ti wà níwájú mi látàná. Ursule pẹ́ dé odò lánàá. Ó dé pẹ̀lú nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fi aṣọ ibùsùn wé, ó ní pátákó ìfọṣọ òun ni. Ó fẹ̀ tó fèrèsé kékeré. Nígbà tó ń lọ sílé, kò lè dá gbé e sórí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, èmi Toinon Vidalenc, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ abúlé, ni mo bá a gbé e, tí mo bá a fi okùn dì í, tí mo sì sọ fún un pé kó rọra, kó má fọ́.

---

Lescure ti ń wá fìlà rẹ̀. Mo ní kó jókòó.

"Bàtà ẹ á já ilẹ̀kùn rẹ̀ kó o tó kàn án. Yá mi ní kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, Baptiste."

"Agogo ọ̀sán ò ní dúró, Màmá," Lescure wí. "Mo ti kọ̀wé. Tí ẹ ò bá gbé nǹkan bọ̀, ọmọbìnrin yìí ni mo ní."

Ilé Ursule wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti parí. Èmi àti kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ náà dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan nítorí tirẹ̀. Mi ò tíì kanlẹ̀kùn tó fi ṣí i.

"Ẹ wọlé, Ìyá Agbẹ̀bí," Ursule wí. "Ẹ ti bá mi gbé e sórí kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, ó yẹ kí ẹ rí i dáadáa."

Ó ti gbé àwòrán náà sórí tábìlì níwájú fèrèsé, ó sì ti sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dùnkún tó ń bó lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Mo jókòó.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ ọjà tó kọjá. Òjò lé mi wọlé Baptiste. Mi ò wọ ibẹ̀ láti ọdún márùn-ún, níbẹ̀ ni wọ́n ti ka orúkọ àwọn ọmọ tó ń lọ ogun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbójú sókè, mo rí ọgbà náà." Ó mú ọ̀dùnkún kan, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ará Paris kan ń bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lánàá láti bẹ Baptiste. Mi ò bá ẹnì kankan. Mo ní kí n kàn jókòó, kí n dágbére fún un. Mi ò lè dìde, Ìyá Agbẹ̀bí. Mo gbìyànjú. Mi ò lè dìde kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀.

"Ìwé pélébé kan ni ìjọba fi ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Wọ́n ní kò sí lára àwọn tó padà. Kò sí sàréè. Kò sí bọ́tìnnì. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé òun ni? Àbí mo kà á bí mo ṣe fẹ́ kó rí?"

Ohun tó ń dà á láàmú gan-an nìyí, kì í ṣe olè. Mo yọ bébà jáàmù mi jáde. A jọ kà á, ìka mi àti ìka rẹ̀, láti ahéré dé àpáta, láti àpáta dé ahéré. Ó bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ sún mọ́ àwòrán títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà.

"Èjìká wo ló fi gbé e?"

"Òsì."

"Ta ló ń fi òsì gbé ẹrù ní gbogbo òkè yìí? Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó já bọ́ láti orí àjà yín, tí egungun èjìká ọ̀tún rẹ̀ kán. Èmi ni mo tò ó. Mi ò tò ó dáadáa, ara mi ṣì le nígbà náà, mo ń gbéra ga. Láti ọjọ́ náà kò fi ọ̀tún gbé nǹkan mọ́." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jean ni. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni mo fi dá a mọ̀."

Ó fi orí lé èjìká mi. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, mi ò bá má sọ èyí tó kù.

"Ursule, wọ́n ti mú ẹlòmíì. Noëlie, ọmọ tó ń bá Baptiste ṣiṣẹ́. Lescure fẹ́ fi ọkọ̀ ọ̀sán gbé e lọ sẹ́wọ̀n."

Ó gbórí sókè. Mo rí i pé kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún un lókè yìí? Ó ti dìde kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ń ti ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà onígi ọ̀tún. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀," ó ń wí, "ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n máa sọ̀rọ̀." Ó fi aṣọ ibùsùn wé ọmọ rẹ̀.

---

Ìdajì ọ̀nà la dé tí agogo ọ̀sán fi dún. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì lè fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mi ò tún gbìyànjú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Baptiste ti fún ọlọ́kọ̀ ní ife wáìnì kẹta, ó sì ń bu ìkẹrin. Noëlie ti jókòó sínú ọkọ̀. Lescure dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò wo ojú ọmọ náà.

Ursule kọjá lára mi, ó lọ bá Lescure tààrà. "Èmi ni mo gbé e. Ẹ sọ ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀."

Lescure wò mí. Mo mi orí sí i pé òótọ́ ni.

"Ẹ ó gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí nìyẹn, Màmá Ursule," ó ní, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màá gbà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Baptiste ní nǹkan rẹ̀."

Ó tú aṣọ náà. Baptiste gba àwòrán, ó dì í mú jìnnà sí ara bí ayàwòrán ṣe kọ́ wa.

"Sún mọ́ ọn," mo sọ fún un.

Ó sún mọ́ ọn. Ó yí i sí ojú oòrùn. "Oṣù Kẹsàn-án ni mo ń wí fún gbogbo ayé," ó ní. "Ọdún márùn-ún. Ó sì wà lókè orí mi." Ó tún wò ó. "Òun ló pọn bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ọdún tí yìnyín bo ọ̀nà. Ẹ̀yìn yìí náà ni."

Lescure wú ikọ́. "Ẹ̀sùn tí o mú wá bá mi ńkọ́, Baptiste? Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀sùn wo? Mo yá Màmá Ursule ní àwòrán. Mo gbàgbé ni. Kò sí nǹkan tó sọnù nílé mi."

"Ará Paris tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Màá fún un lọ́bẹ̀."

Lescure yọ ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó fà á ya sí méjì, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó fi orí wọ inú ọ̀ràn.

Noëlie sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Mo rò pé ó máa bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ursule náà rò bẹ́ẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó wọ̀ sódì.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú ẹnì kankan."

Noëlie ń wo àwòrán lọ́wọ́ Baptiste. "Ọmọ yín ni, Màmá?"

"Jean lorúkọ rẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí i tí mo bá ń gbálẹ̀." Ojú tì í, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo kàn máa ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè pè bẹ́ẹ̀."

Ursule sún mọ́ ọn.

"Kò ní àbúrò," ó wí. "Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń bẹ̀ mí fún un, ojoojúmọ́, títí ó fi sú mi." Ó na ọwọ́, ó bá ọmọ náà tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wá sókè. Màá da àwo dé ọbẹ̀ tí o bá pẹ́."

"Mi ò ní pẹ́, Màmá," Noëlie wí.

Nǹkan kan kó sí mi lójú. Mo yíjú sí ọlọ́kọ̀ tó jókòó síbẹ̀ tó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú rẹ̀, mo sì bi í pé kí gan-an ló ń dúró dè.